Ẹni Tó Kéré Jù Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Bi

Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ní rárá, òkè ti tì nìyẹn. Bí afinimọ̀nà mẹ́fà bá jókòó sí ìpàdé àárọ̀, tí márùn-ún fọwọ́ sí i pé kí hẹlikọ́pítà gbé àwọn àlejò lọ sí orí òkè kan, tí ẹnì kẹfà tó wọṣẹ́ lánàá sì ní rárá, wọn ò ní lọ. Wọn kì í jiyàn, wọn kì í dìbò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó kéré jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi, kí ohùn àwọn àgbà má baà bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Níbi ìbéèrè yìí gan-an ni Bàsírátù, ọmọ Alhaja Ṣìfáwù tó ń gbé ní Plainfield, ti kùnà lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Iṣẹ́ tó ń kọ́ ní Alaska ni ti afinimọ̀nà sikí. Sikí ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín. Hẹlikọ́pítà ló ń gbé àwọn tó fẹ́ràn eré yìí lọ sí ṣóńṣó òkè tí mọ́tò kò lè dé, afinimọ̀nà á sì ṣáájú wọn sọ̀ kalẹ̀. Bàsírà mọ sikí gùn. Ó lè fi okùn fa ènìyàn jáde nínú ihò yìnyín. Ohun tó gbé e ṣubú ni pé ó rí ibì kan tí afẹ́fẹ́ ti kó yìnyín tuntun jọ sí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ tó ń jẹ́ Rọ́sì sì ní ibẹ̀ dára. Bàsírà wá sọ jẹ́jẹ́ pé, “Bóyá ká tún wo apá kejì náà, sà.” Rọ́sì gbọ́ “bóyá,” ó sì lọ. Yìnyín ya, ó wó àlejò kan lọ, ó bò ó dé àyà. Wọ́n wú u jáde láàyè, eegun kan kò sì ṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni àwọn olùdánwò kọ sínú ìwé Bàsírà: ó rí i, kò sọ ọ́.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ “bóyá” yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni mo gbéra. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni Alhaja dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn mi ní àríwá Chicago, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ṣífùtì ní ọsibítù kan ní Evanston, ó sì ní òun kò ní jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó ti di báàgì kan sẹ́yìn mọ́tò: gàrí Ìjẹ̀bú, ẹja gbígbẹ, ata gígún, àti ìborùn olówùú kan tó hun fúnra rẹ̀.

Ní ojú ọ̀nà, ó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ti ń rò ó láti òru mọ́jú. “Àǹtí Kúdí, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀. Ẹ bá mi wo iṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ ikú ni, ẹ sọ fún mi. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, ẹ sọ fún mi pẹ̀lú. Ẹ má wá kí mi pé a dúpẹ́ o.”

Àtúnṣe ìdánwò Bàsírà ni mo ń lọ wò. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ilé iṣẹ́ náà kò ní gbà á mọ́. Alhaja ní fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà nínú dúrọ́ọ̀ òun, òun kò tíì jù ú nù. Mo bi í bóyá àdúrà kí ọmọ náà yege ló ń gbà tàbí kó kùnà. A wà níbi iná ojú ọ̀nà. Ó wò ó títí ó fi di àwọ̀ ewé. Ó ní kí ọmọ òun wà láàyè lòun ń bẹ Ọlọ́run fún, kí Ó bá òun yan èyí tó kù.

Bàlúù méjì ni mo wọ̀. Èkíní gbé mi dé Seattle, èkejì dé Anchorage, níbi tí aago ti fi wákàtí mẹ́ta wà lẹ́yìn ti Chicago. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọkàn mi sì wà nínú yàrá kan ní abẹ́ mọ́ṣáláṣí wa ní gúúsù Chicago, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá àti ìwà ilé ní gbogbo Sátidé. Àwọn òbí ń ṣiṣẹ́ méjì, mẹ́ta nígbà náà. Ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn ọmọ yóò gbàgbé ilé. Mo rántí òórùn kápẹ́ẹ̀tì tútù náà, àti agolo bísíkítì tí mo máa ń gbé sórí fèrèsé kí wọ́n má baà tètè dé ìdí rẹ̀. Bàsírà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Mo kọ́ wọn ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Mo sì kọ́ wọn pé ọmọ ilé ire kì í wo ojú àgbà kó ní rárá. Ẹ sọ pé “bóyá.” Ẹ sọ pé “ẹ jẹ́ ká wò ó.” Àgbà tó bá gbọ́n á mọ̀ pé rárá ni. Bàsírà ló tètè mọ̀ ọ́n jù, mo sì fún un ní bísíkítì méjì.

Láti Anchorage dé Valdez, wákàtí mẹ́fà ni ní ojú títì. Àádọ́jọ dọ́là ni mo san fún ìjókòó kan nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan. Obìnrin ará Fílípìnì kan, ìyá ẹlẹ́rìn-ín, ló ń wà á, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń na ọ̀nà náà. Ó wo bàtà mi, ó wo orúnkún mi, ó béèrè bóyá sikí ni mo ń lọ gùn. Mo ní ìrun ni mo ń fi orúnkún tèmi kí. Ó rẹ́rìn-ín dé ibi tó ti ń fi ọwọ́ lu sítíárì. Ó ní òun náà kò gùn ún rí: àwọn tó ń gbé nídìí òkè kì í gùn ún, àwọn tó ń ti ibi pẹrẹsẹ wá ni í yá lára. Mo ro ti Chicago wa tí kò ní òkè kankan, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Orí òkìtì kékeré kan ní Wisconsin ni Bàsírà ti kọ́kọ́ so sikí mọ́ ẹsẹ̀, nígbà tí ilé ìwé wọn kó wọn lọ ṣeré. Ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀nda náà. Títí dòní ló ń kábàámọ̀ bírò yẹn.

Títì náà dára, a kò rí kòtò tó pọ̀, ṣùgbọ́n yìnyín wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ògiri ilé tí a kò tíì rẹ́. A kọjá lára odò kan tó ti dì gbagidi láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí a bu omi lù. Ní Glennallen, níbi tí ọ̀nà ti pín, a dúró jẹun. Ọbẹ̀ ẹja sámọ́nù olómi wàrà àti búrẹ́dì kan jẹ́ dọ́là méjìdínlógún. Ẹja náà dùn, ó rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ata sí i rárá. Mo tú báàgì Alhaja, mo bu ìwọ̀nba ata gígún sí i. Awakọ̀ na ṣíbí tirẹ̀ náà sí mi. Láti ibẹ̀ dé Valdez ló ń pè mí ní sísítà.

Òkè tí a gùn kẹ́yìn kí a tó dé ìlú náà ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Òkè Olúmọ ni mo mọ̀, àti àwọn òkè Ìdànrè. Àwọn yẹn jókòó jẹ́ẹ́ bí àgbà tó jẹun yó. Àwọn ti ibí dìde dúró ni, orí wọn wà nínú kùrukùru. Awakọ̀ nawọ́ sí ọ̀kan, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn olówó lọ. Owó ọjọ́ kan lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. “Owó yẹn kì í ṣe ti hẹlikọ́pítà nìkan,” ó ní. “Wọ́n ń sanwó kí ẹnì kan lè bá wọn bẹ̀rù ni.”

Bí mo ṣe sọ̀ ní Valdez, òórùn ẹja àti ti epo ọkọ̀ ojú omi pàdé mi. Mo dúró lójú kan. Ìlú náà wà létí omi, àwọn ọkọ̀ apẹja so mọ́ èbúté, omi sì ń lù wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ẹpẹ́ ni mo bá ara mi. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò kọjá ọ̀sà níbẹ̀. Láràárọ̀, bó bá ti kírun tán, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀, á ki ọwọ́ bọ omi dé ìgunpá, á pa ojú dé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ tútù náà nu ojú, á sọ bóyá a ó lọ tàbí a ò ní lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti rí i kẹ́yìn nínú ọkọ̀ yẹn. N kò mọ̀ pé ọ̀nà Alaska ló gbà bọ̀ wá bá mi.

Bàsírà sáré dé, ó kúnlẹ̀ sórí yìnyín pẹ̀lú bàtà ńlá rẹ̀. Ó ti ga, oòrùn òkè ti sun ojú rẹ̀ dúdú, àyàfi ibi tí dígí ojú ń bò. Yàrá kan àti ilé ìdáná kékeré ló ń gbé. Ó ti kọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun sí ògiri: ní Ẹpẹ́ ìlà oòrùn là ń kọjú sí, ní Chicago igun àárín àríwá àti ìlà oòrùn ni, níbí àríwá gan-an ni. Ó tẹ ẹ̀bà, ó fi ẹja halibọ́ọ̀tì se ọbẹ̀, ẹja pẹlẹbẹ funfun kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹ̀bà náà ní kókó. Mo jẹ ẹ́ tán.

Mo ní kó sọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ń ka ìka bó ṣe ń sọ. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹni tó ṣèṣe níbi tí kò sí ọsibítù, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, tí wọ́n sì ń tún ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ̀kọ́ nípa yìnyín tó máa ń ya, ìpele kan tẹ̀ lé òmíràn. Okùn, àti bí wọ́n ṣe ń yọ ènìyàn nínú ihò. Kíka ojú ọjọ́. Rédíò. Bí wọ́n ṣe ń yan ibi tí hẹlikọ́pítà yóò bà lé, àti bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú rẹ̀ kí awakọ̀ lè fi wọ́n ṣe àmì. Ó fi owó iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Chicago san gbogbo rẹ̀. “Àǹtí, gbogbo ìyẹn, mo pàásì,” ó ní. “Ẹnu mi ni kò pàásì.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀bi mi ni. N kò sọ ọ́. Mo ní kó gbé ọbẹ̀ wá kí n tún bù sí i.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni ìpàdé. Afinimọ̀nà mẹ́fà jókòó yí tábìlì gígùn ká, awakọ̀ hẹlikọ́pítà wà ní igun kan, olùdánwò sì jókòó sẹ́yìn wọn. Íńgírídì lorúkọ rẹ̀, obìnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó fi okùn so pẹ́ńsùlù kọ́ ọrùn. Rọ́sì ni olórí wọn. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bálau, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì wà nínú báńdéèjì. Wọ́n ka bí òtútù ṣe rí, bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́ ní òru, ohun tí wọ́n rí lánàá. Lẹ́yìn náà wọ́n ka orúkọ àwọn òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé ni kí wọ́n lọ, òfeefèé ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò ó, pupa ni ó tì.

Wọ́n ka orúkọ dé orí òkè kan tí wọ́n sọ ní Ilẹ̀kùn Kejì. Rọ́sì kọjú sí Bàsírà.

“Bóyá òfeefèé,” ó ní.

Pẹ́ńsùlù Íńgírídì rìn lórí ìwé. Àwọn yòókù sọ tiwọn, òfeefèé sì ni wọ́n fi sí. Wọ́n pinnu pé Bàsírà àti Íńgírídì yóò ṣáájú lọ wo òkè náà, pé èmi náà lè bá wọn lọ nítorí mo ti tọrọ àyè ìjókòó kan ṣáájú, pé Rọ́sì àti àlejò mẹ́rin yóò dúró sí ìsàlẹ̀ títí ìròyìn yóò fi dé.

Mo bá Rọ́sì sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ń ṣe ni yóò bínú sí ọmọ tó kó bá a. Ó ní òun lòun bẹ̀ pé kí wọ́n tún un dán wò. “Mo mọ àwọn òkè yìí ju ilé mi lọ,” ó ní. “Ìdí nìyẹn tí mo fi nílò ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, òun ò sọ̀rọ̀ sókè tó, èmi náà ò dákẹ́ tó.”

Bàsírà ló dì mí. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ mi láyà lábẹ́ ẹ̀wù, èyí tó ń fọhùn láìdákẹ́. Bí yìnyín bá bo ènìyàn mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ àwọn tó kù ni yóò gbọ́ ohùn náà tí yóò sì wá a rí. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn hẹlikọ́pítà, n kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè, kí n di fìlà mú, kí n tẹrí ba. Orí mi kò tẹ̀ tó lójú rẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí mi wálẹ̀, ó sì ń sọ pé, “Sọ́rì, mà. Sọ́rì, mà,” títí a fi wọlé.

Hẹlikọ́pítà gbé wa sórí gọngọ òkè kan tí kò fẹ̀ ju àgbàlá ilé wa ní Ẹpẹ́ lọ. Nígbà tó padà lọ, ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ní etí mi. Bàsírà kúnlẹ̀, ó gbẹ́ ihò, ó gé yìnyín ní igun mẹ́rin bí ẹni gé kéèkì, ó fi ṣọ́bìrì kàn án lórí fẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi ìka tọ́ ibì kan láàárín rẹ̀. Yìnyín ibẹ̀ ń ya dànù bíi ṣúgà, kò lè gbé èyí tó wà lórí rẹ̀ dúró. Íńgírídì ń wò ó.

Èmi wo òsì mi. Òkun wà lọ́hùn-ún, ó ń dán, ìlú náà sì kéré létí rẹ̀ bí àwo tí ẹnì kan gbàgbé sílẹ̀. Mo ní kí n ya fọ́tò fún Alhaja, kó rí ibi tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tó wà níwájú mi funfun, ó tẹ́jú, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́jọ lọ. Mo yọ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

“Àǹtí, rárá.”

Mo rò pé rédíò ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá sì máa sọ òótọ́, mo gbọ́ orúkọ mi, mo kàn rò pé ọmọdé ni. Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan.

“Mo ní rárá.” Ohùn náà kò ga, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Ẹ dúró. Ẹ má yíjú. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn, ẹ tẹ ojú ẹsẹ̀ yín gan-an, ibi tẹ́ ẹ ti tẹ̀ wá.”

Mo fi ẹ̀yìn rìn. Nígbà tó di ẹ̀wù mi mú, ó fà mí jókòó. Ó mú ọ̀pá irin gígùn kan, ó nà án sí ibi tí ẹsẹ̀ mi fẹ́ dé. Ọ̀pá náà wọlé láìdúró. Nígbà tó fà á jáde, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró yọ láti ìsàlẹ̀. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló na yìnyín síta lórí òfìfo, bí òrùlé ṣe ń yọ kọjá ògiri, èmi sì fẹ́ lọ dúró ní etí òrùlé náà.

Bàsírà kúnlẹ̀ níwájú mi. “Ẹ má bínú, mà.”

Ní ojú ẹsẹ̀ yẹn ni ìyókù ìtàn bàbá mi padà sọ́kàn mi, èyí tí mo ti gbàgbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìgbà òjò, Alhaji kan sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, ó ń lọ sí ìkómọ ní òdìkejì ọ̀sà. Òun ló sọ bàbá mi lórúkọ, òun ló fi owó sílẹ̀ tí bàbá mi fi ra ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi ti ki ọwọ́ bọ omi, ojú rẹ̀ kò sì dára. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó tútù èbúté náà. Láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí ló ti sọ pé, “Ẹ ò ní wọkọ̀ mi lónìí, Bàbá. Rárá ni.” Kò dìde títí Alhaji fi yí padà lọ sílé. Èmi ò rántí bóyá ìjì jà lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó béèrè nílé wa.

Nǹkan méjì ni bàbá mi ṣe lórí pákó yẹn. Ọ̀kan ni mo gbé dé Chicago.

Mo fa Bàsírà dìde, mo sọ ìtàn náà fún un ní ìkékúrú, nítorí òtútù. Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ ní ìlàjì, kó má bínú sí mi. Ó nu imú, ó yí padà, ó tún wo ihò tó gbẹ́. Ó gbé rédíò sẹ́nu.

“Rọ́sì, Bàsírà ni. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ilẹ̀kùn Kejì, rárá. Pupa ni.”

A gbọ́ ohùn àlejò kan nínú rédíò tó ń kùn lẹ́yìn Rọ́sì pé ojú ọjọ́ dára, pé ta ló ní kí wọ́n má lọ. Lẹ́yìn náà Rọ́sì ní, “Mo gbọ́. Pupa. A ń lọ sí ibòmíràn.”

Òkè náà kò ya. Mo ń wò ó títí hẹlikọ́pítà fi wá gbé wa, kò ya. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní nínú oòrùn, àlejò tó ń kùn náà sì nawọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ. “Ẹ wò ó,” ó sọ fún Bàsírà, “ó ṣì wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà ṣì wà níbí, sà,” ni Bàsírà fún un lésì. Rọ́sì fi ife bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo bi Íńgírídì bóyá ó burú fún ọmọ náà pé òkè kò ya. Ó ní wọn kì í fi ìyẹn gba máàkì. Ẹni tó ní kí wọ́n lọ, tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀, lè kùnà. Ẹni tó ní kí wọ́n má lọ, tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, lè yege. Ohun tí ó rí àti ohun tí ó sọ ni wọ́n ń wò, bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Bàsírà fi dá mi dúró lórí òkè. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un pè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà lọ ni mo gbà padà. Awakọ̀ ará Fílípìnì náà béèrè ata mi ní Glennallen, mo sì fi ike náà sílẹ̀ fún un. Alhaja ló wá pàdé mi ní pápákọ̀. Kò béèrè àlàáfíà ọ̀nà. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ sọ ọ́.”

Mo ní iṣẹ́ ni. Mo ní ikú wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ ló sì fà mí padà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti kíláàsì Sátidé àti bísíkítì méjì náà. Ó wa mọ́tò gba ilé tirẹ̀ lọ ní Plainfield. Nígbà tí a dé iwájú ilé rẹ̀ ló tó bi mí bóyá ìborùn tóun hun bá ọmọ náà mu. Mo ní òun ló dè sí abẹ́ akoto lórí òkè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà àwọn olùdánwò dé. Bàsírà fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, Alhaja tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi lé orí fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, ó ti dúrọ́ọ̀. Lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n ní ó yege ìpele yìí. Kí ó tún ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹni tó ṣèṣe ṣe kí ìgbà yìnyín tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà náà, òun ni yóò máa ṣáájú àwọn àlejò, Rọ́sì yóò sì máa bọ̀ lẹ́yìn wọn, títí di ìdánwò ìkẹyìn. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan ń bọ̀ tó kéré sí i lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni náà ni wọn yóò kọ́kọ́ máa bi ní ìpàdé àárọ̀. Kí Bàsírátù dákẹ́ títí ẹni náà yóò fi sọ̀rọ̀ tán.